Tíráńsífò Nẹ́fù Eléjò

Niangon, Yopougon,
Àbíjáànì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Fàósátù,

Àlàáfíà Ọlọ́run Ọba kí ó máa bá ìwọ àti gbogbo ará ilé rẹ gbé. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ, Bàbá Karim, ti mókun? Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa ní Ìgbòho, ṣé àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n? Níhìn-ín, òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lára okùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A dúpẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wa, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń bá mi jà ní àràárọ̀. Èmi náà sì ń bá a jà padà.

Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ. O máa ní, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi kò kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù? Ohun tó dé ni pé lórí fóònù o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Nínú ìwé, o kò lè já nǹkan kan gbà. Ìwé kejì ni mo kà dé kí Bàbá wa tó mú mi kúrò nílé ìwé, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí, mi ò bẹ ọmọ kankan. Làtífù, aládùúgbò wa tó ń bọ̀ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ni yóò mú un wá fún ọ. Bu omi mu, kí o jókòó, kí o kà á.

Ọmọ Mùíz obìnrin, Tasneem, ti yege ìdánwò ńlá ilé ìwé wọn. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó wọlé tó ń sunkún, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàrọwà fún un pé kó má dààmú, ọdún tó ń bọ̀ á dáa, àṣé ẹkún ayọ̀ ni. Ó ní, "Màmí, mo yege!" Mo ní ta ló ń sunkún nítorí pé ó yege? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí inú wọn dùn o, bí kò dùn o, ojú kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti Mùíz, ẹ fi ọjà sílẹ̀, kí ọmọ lè tọ́jú yín." Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́, o kò sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún mi rí. Mùíz ló pè ọ́. Ó sọ fún ọ pé pàǹtí ni ìyá òun ń tà ní ọjà Adjamé. Ìwọ náà gbà á gbọ́, ìwọ tí o kò dé ibẹ̀ rí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń tà fún ọ. Ṣé o rí àpótí kékeré dúdú tí wọ́n ń kì bọ ihò iná ara ògiri, tí okùn gígùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí a fi ń fún rédíò tàbí nǹkan mìíràn ní iná? Òun là ń pè ní tíráńsífò níbí. Iná ògiri le jù fún rédíò, tíráńsífò ló ń mú un rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti inú àwọn kọ̀ǹténà tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté ni bàbá Mùíz, Rùfáì ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ti máa ń ṣa wọ́n, èmi ni mo ń tà wọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nídìí tábìlì yẹn. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sára wọn ní Faransé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni mo mọ̀, àmì ni mo sì mọ̀. Nọ́ńbà tí lẹ́tà V wà lẹ́yìn rẹ̀ ni fóòtì, òun ni bí iná náà ṣe le tó, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín. Nọ́ńbà tí lẹ́tà A wà lẹ́yìn rẹ̀ ni bí ó ṣe lè gbé ẹrù tó, ìyẹn lè pọ̀ jù, kò burú, ṣùgbọ́n bó bá kéré, tíráńsífò náà á gbóná títí á fi máa rùn.

Àmì wá kù. Àwọn kan ní ìlà gbọọrọ kan tí ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni èmi ń pè ní onílà. Àwọn kan sì ní ìlà tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó ń wọ́ lọ. Ìyẹn ni eléjò. Rùfáì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní iná onílà ń lọ síwájú nìkan ni, bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Iná eléjò máa ń lọ, á tún padà, á lọ, á tún padà, bí ìgbà tí Fàósátù bá ní òfófó lẹ́nu tí kò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Má bínú, òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Iléyá, a jẹun tán nílé Mùíz, ó nu ẹnu, ó ní, "Màmí, mo ti rí ẹni tó máa gba àyè yín ní Adjamé." Chakirou ni orúkọ ẹni náà, ọmọ Ìsẹ́yìn, àpò fóònù ló fẹ́ máa tà níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló ní kó wá ẹni tó máa gba àyè mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí òjò pa mí mọ́, òun ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan iná tuntun ní Marcory, ojú ń ti òun nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ìyá òun ń jókòó ti irin àlòkù. Mo ní, "Irin àlòkù ló rán ọ nílé ìwé." Ó ní, "Mo mọ̀, Màmí. Ṣùgbọ́n ta ló ń rà á báyìí?" Òótọ́ ló sọ, ọjà ti dá. Gbogbo nǹkan tuntun ló ń bọ̀ pẹ̀lú wáyà tirẹ̀.

Ó wá ní, "Ó dáa, Màmí, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wá ra nǹkan lọ́wọ́ yín kí Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí tó pé, nǹkan tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí kò sì rí níbòmíràn, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láé. Bí kò bá sí, Chakirou á gba àyè, àwọn oní-irin á wá kó ẹrù." Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́, Tasneem ń gbọ́, kí ni kí n wí? Mo ní mo gbà. Mo tún fi kún un pé ẹni mẹ́ta ló máa wá, kì í ṣe ẹnì kan. O mọ ẹnu mi.

Fàósátù, ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún: ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá kúrò nídìí tábìlì yẹn, ta ni mo jẹ́? Ìyá àgbà kan ní Niangon tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún, tí wọ́n ń bi pé ṣé ó ti wẹ̀. Ní Adjamé, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè Ìyá Tíráńsífò, láti ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ títí dé òpin ọjà ni wọ́n á ti júwe mi.

Ọjọ́ kìn-ín-ní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, ọ̀sẹ̀ kan pé. Ẹni tó wá ra ti ẹ̀rọ ìgẹrun, irú èyí tó kún Marcory, wá, ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà ibùdókọ̀ wá. Bàsìt tó ń ta rìmóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti gbọ́ nípa àdéhùn wa, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Láràárọ̀ ló ń kígbe, "Ìyá Tíráńsífò, ó ku ọjọ́ mẹ́fà o! Ìyá Tíráńsífò, ó ku ọjọ́ márùn-ún!" Mo ní, "Bàsìt, nínú gbogbo rìmóòtù tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ yìí, ṣé kò sí ọ̀kan tí a lè fi pa ẹnu rẹ?" Ó ní òun ti gbìyànjú, bátìrì rẹ̀ ló ti kú.

Lọ́jọ́ Àlàrùúbá tó ṣáájú Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, obìnrin kan já dé nínú òjò. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn lára títí dé ọrùn, ó fi ọ̀rá di nǹkan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ganiatou ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, òun ló ń ṣe àkóso yàrá yìnyín kan nítòsí èbúté, níbi tí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja máa ń kó ẹja wọn pamọ́ sí. Yorùbá àti Faransé ló pò mọ́ra tó ń sọ, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní bí n kò bá rí i lọ́dọ̀ yín, kí n lọ sílé lọ sùn."

Nǹkan tó wà nínú ọ̀rá náà ni mòdẹ́mù kan, ti àtijọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé ńlá, ó ti pọ́n lára. Ó ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù ní ọpọlọ tirẹ̀, Òyìnbó arúgbó kan tó ti padà sí Faransé ló ṣe é. Bí ọpọlọ náà bá ṣìnà, láti Faransé ni arúgbó náà ti ń tẹ nọ́ńbà tẹlifóònù alókùn tó wà lára ògiri, mòdẹ́mù yìí ni yóò gbé e, ni arúgbó náà yóò bá gba inú wáyà wọlé wá tún un ṣe. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, iná lọ, iná tún já wọlé pẹ̀lú agbára, ọpọlọ ẹ̀rọ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, tíráńsífò mòdẹ́mù sì jóná. Ẹja gbogbo obìnrin wọ̀nyẹn wà nínú yàrá náà, yìnyín tó ṣẹ́kù kò lè gbé e kọjá ìrọ̀lẹ́. Arúgbó náà ní aago mẹ́rin lòun máa pè, torí pé lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fẹ́ gbé òun lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ ojú, kò mọ ọjọ́ tí òun máa jáde.

Mo ní kó mú tíráńsífò tó jóná wá kí n kà á. Ó ní òun ti jù ú nù, ọkọ̀ ìdọ̀tí ti gbé e lọ láàárọ̀. Mo yí mòdẹ́mù náà padà. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ti ya, omi ti jẹ ẹ́. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ mọ́. Ìlà kékeré kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná.

Mo bi í pé kí ni arúgbó náà ní kó wá. Ó ní, "Ó ní kí n wá ọ̀kan tó jẹ́ nẹ́fù, àlítẹ́nátíìfù. Mo sì ti ra nẹ́fù, Màmá, ẹ wò ó, inú ọ̀rá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo gbà á ní Marcory láàárọ̀ yìí. Mo kì í bọ̀ ọ́, iná kan ṣoṣo tàn, àwọn yòókù kò dáhùn, ẹ̀rù bà mí, mo fà á yọ." Mo gba tíráńsífò náà wò. Ó mọ́ tónítóní lóòótọ́. Fóòtì méjìlá. Onílà.

Fàósátù, ẹ̀rín pa mí débi pé mo di tábìlì mú. Bàsìt rò pé inú ló ń run mí. Ṣé o mọ̀ pé ní èdè àwọn ará ibí, nẹ́fù ni wọ́n ń pe mẹ́sàn-án, nẹ́fù náà ni wọ́n tún ń pe nǹkan tuntun? Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nẹ́fù tuntun ni arúgbó ní kí o rà, tàbí nẹ́fù tó wà láàárín ẹ̀jọ àti ẹ̀wá?" Ó la ẹnu sílẹ̀. Mo ní, "Àlítẹ́nátíìfù ńkọ́? Kí lo rò pé ó jẹ́?" Ó ní òun rò pé òmíràn tó bá ti lè dípò rẹ̀ ni. Mo ní rárá o. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Rùfáì máa ń pe iná eléjò, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n. Arúgbó ní kí o wá mẹ́sàn-án eléjò. Ìlà tó tẹ̀ kọ́rọ́ lábẹ́ ìdí mòdẹ́mù yẹn, ìrù ejò ni.

Mo wá bi í, mi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí mo fi bi í, pé ṣọ́ọ̀bù ta ló ti ra ti tuntun yẹn. Ó ní ọ̀gá kan tó ga, tó ní irùngbọ̀n, Mùíz. Ó ní ọ̀gá náà sọ fún òun pé òun kò ní òmíràn tó lè wọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó ní in ní gbogbo Marcory. Bàsìt gbọ́ ọ, ó bọ́ fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tíráńsífò, mi ò kà mọ́."

Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kò pẹ́. Mo tú gbogbo àpótí mi. Mẹ́sàn-án eléjò mẹ́ta ni mo rí, àwọn tó wúwo bí òkúta nítorí irin tó wà nínú wọn. Ẹnu wọn kò wọ̀ ọ́! Ṣé o rí i, nínú ihò mòdẹ́mù, abẹ́rẹ́ kan wà tó dúró láàárín. Ẹnu tíráńsífò gbọ́dọ̀ ní ihò tó gba abẹ́rẹ́ náà. Bí o bá wo ẹnu méjì láti òde, ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi kí o fi nǹkan wọn inú wọn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni èmi fi ń wọn tèmi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ihò wọn fún jù, abẹ́rẹ́ mòdẹ́mù nípọn jù. Mo wá rí ẹnu tó bá a mu gẹ́lẹ́ lára òmíràn, ṣùgbọ́n òun jẹ́ méjìlá onílà. Aago ti lé ní méjì. Ganiatou ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń ka orúkọ àwọn obìnrin tó ni ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní kó dákẹ́, kó bá mi di okùn mú. Mo gé ẹnu onílà yẹn kúrò, mo gé ti ọ̀kan nínú àwọn eléjò mi náà. Mo fi eyín bó wáyà. Eyín mi ṣì wà lẹ́nu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, má fi tìrẹ rẹ́rìn-ín mi. Mo lọ́ wọn pọ̀, mo fi tépù dúdú dì wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má bàa fara kanra. Bàsìt fi tẹ́sítà tó fi ń wọn iná wò ó, ó ní iná mẹ́sàn-án ń bọ̀, ó lé díẹ̀. Mo ní òṣìṣẹ́ tí kò tíì gbé ẹrù ni, bó bá gbẹ́rù á balẹ̀. Mo so àpò mi mọ́ apá, mo ní èmi fúnra mi ni mo máa lọ fi í bọ̀ ọ́. Ganiatou dá takisí aláwọ̀ ọsàn dúró, a gba orí afárá, òjò ń lu gíláàsì, mo gbé mòdẹ́mù lé itan.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn obìnrin kún ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàsíà lórí. Ta ni mo tún rí? Mùíz! Ganiatou ti pè é láàárọ̀ pé ti tuntun kò ṣiṣẹ́, òun náà ti kó mẹ́ta mìíràn wá, gbogbo wọn tuntun, gbogbo wọn onílà. Ó rí mi, ó rí okùn tí mo fi tépù dì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màmí, ẹ má fi í bọ̀ ọ́! Ẹ ti so wáyà yẹn láìwo èwo ni plọ́sì, èwo ni mọ́ẹ̀, èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ bá gbé e lódì, ó máa jóná, ẹja gbogbo èèyàn á bàjẹ́, orúkọ yín ni wọ́n máa fi pè é." Àwọn obìnrin náà ń wo èmi àti ọmọ mi.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ dá ọwọ́ dúró. Bí ìrù ejò tí mo rí yẹn bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ arúgbó náà, àlítẹ́nátíìfù, mo sì rántí Rùfáì. Onílà ló ní iwájú àti ẹ̀yìn, òun lèèyàn ń gbé lódì. Eléjò kò ní in, bó o bá so ọ̀tún mọ́ òsì, tí o so òsì mọ́ ọ̀tún, bákan náà ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀. Mo ní, "Mùíz, oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ nínú. Nẹ́fù nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìwọ kì í ṣe nẹ́fù mọ́. Yà lọ́nà." Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣe bísímílà, mo fi í bọ̀ ọ́.

Iná pupa mẹ́rin tàn lójú mòdẹ́mù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń ṣẹ́jú. Ganiatou di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. A dúró. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mòdẹ́mù wá gbé e fúnra rẹ̀. Ha! Irú ariwo wo nìyẹn! Ó kọ́kọ́ ké fíìn, ó wá ń ha garagara bí ẹni tó ń ha èépá ìdí ìkòkò, òmíràn ń dá a lóhùn láti Faransé. Obìnrin kan ti ń ké aúsù, pé kí Ọlọ́run gba òun lọ́wọ́ èṣù. Ó ṣe díẹ̀, ó dákẹ́, àwọn iná kéékèèké ń sáré lójú rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé kọ hùùn, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn obìnrin Jùlá ń pariwo "Iní ché, Màmá, iní ché," bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lédè wọn nìyẹn. Mo kàn ń mi orí bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é.

Mùíz fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sílé. Ó wakọ̀ títí a fi wọ Yopougon. Ó wá ní, "Màmí, ta ló kọ́ yín pé eléjò kò ní plọ́sì?" Mo ní bàbá rẹ ni. Ó ní, "Kò kọ́ èmi." Mo ní, "Ó fẹ́ kọ́ ọ. Èmi ni mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, kí o máa lọ sílé ìwé, torí wọ́n ti mú èmi kúrò nínú tèmi." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní òjò ni. Inú ọkọ̀ la wà o, Fàósátù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo tẹ́ ọjà mi sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Chakirou dé pẹ̀lú ańbùrẹ́là ńlá àti páálí mẹ́ta àpò fóònù. Ọmọ dáadáa ni, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní wọ́n ní kí òun máa bọ̀ lónìí. Kí n tó la ẹnu, Mùíz ti yọ láàárín èrò. Ó gba páálí kan lórí Chakirou, ó ní, "Chakirou, má bínú, èmi ni mo ṣi ọ́ lọ́nà. Wá sí Marcory, mo máa fún ọ láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá mi ló ń jókòó síbí." Ó sọ ọ́ sókè, kì í ṣe Chakirou nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Bàsìt gbọ́, oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì gbọ́. Ìyá mi ló ń jókòó síbí. Mo ń tún okùn kan ká, mi ò gbójú sókè, torí pé bí mo bá gbójú sókè wọ́n á rí mi.

Nítorí náà, má bá ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọjà. Mi ò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n ó máa sinmi nílé lọ́jọ́ Ajé àti Àlàmísì nítorí orúnkún yìí. Èmi ni mo pinnu rẹ̀ o. Bí Mùíz bá sọ fún ọ pé òun ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, òun kàn sọ ọ́ ṣáájú mi ni.

Kí Ọlọ́run fún Bàbá Karim ní àlékún ìlera. Kí ó pa gbogbo ọmọ rẹ mọ́ lọ́nà oko àti lọ́nà ọjà. Kí àgbàdo yín gbó dáadáa, kí ẹ rí ẹni bá yín jẹ ẹ́. Kí Ọba òkè má jẹ́ kí a fi ẹkún rí ara wa, kí ó jẹ́ kí n fojú kan ọ kí ọdún yìí tó parí, kí a jókòó kí a bú ara wa títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ràmúlátù, Ìyá Mùíz.

Mo tún rántí: ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Bí o bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, fi í sílẹ̀ níbi tó wà, má bá mi tún un ṣe. Ẹja yíyan méjìlá wà lọ́wọ́ Làtífù, Ganiatou ló fi ránṣẹ́ sí ọ. Kà á lójú rẹ̀ kó tó jókòó. Má sì jẹ́ kí Karim ka ibi tí mo ti ní ẹ̀rù bà mí, torí pé tààrà ni yóò pe Mùíz.